Owó Wẹ́wẹ́ àti Irin Tí Wọ́n Fi Rọ Ọ́

Kí á tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òní, kí olúkúlùkù wa mú owó wẹ́wẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó dì í sí etí aṣọ, kí ó tú u. Ẹ kó wọn sórí tábìlì, kí ẹ wò wọ́n dáadáa. Òmíràn pọ́n bí idẹ, òmíràn funfun. Òmíràn wúwo, òmíràn fúyẹ́. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni a ń ná wọn, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé: kí ni wọ́n fi rọ owó yìí? Ǹjẹ́ ohun kan náà ni wọ́n fi ń rọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni owó wẹ́wẹ́ rí. Ó kéré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú mi yan ẹ̀kọ́ yìí.

1. Ìkòkò owó ìyá kan

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa, opó ni. Ní ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé, kò tíì mọ 1 yàtọ̀ sí 7. Nígbà náà ni wọ́n ń wó ilé alámọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, wọ́n sì rí ìkòkò kékeré kan nínú ògiri. Owó ló kún inú rẹ̀. Ìyá àgbà ọkọ rẹ̀, tí ó ń ta aṣọ lọ́jà nígbà ayé rẹ̀, ló fi í pamọ́ síbẹ̀. Owó ìgbà Fáransé ni gbogbo rẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni owó náà. Èkíní pọ́n bí idẹ, ó sì ń dán díẹ̀. Èkejì funfun, ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ẹ̀kẹta ti dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ìyá wa rò pé èyí tí ó pọ́n yẹn, wúrà ni. Ó wé e sínú aṣọ, ó tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ó dúdú, ó ní ó ti bàjẹ́.

Kò pẹ́, ọkùnrin kan tí ó ń ra irin àlòkù kiri kọjá lójúde. Wọ́n fi owó náà hàn án. Ó mú èyí tí ó dúdú, ó gbé e wò lọ́wọ́, ó wo ohun tí a kọ sí i lára. Ó ní, “Ìyá, owó yìí ò wúlò mọ́. Ṣùgbọ́n n ó fún yín ní 50 fàráǹkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.” 40 ni wọ́n. Ó ka 2,000 fàráǹkì sílẹ̀, ó kó wọn lọ. Kò tilẹ̀ wo èyí tí ó pọ́n. Inú ìyá dùn, ó rò pé òun ti fi ìdọ̀tí gba owó.

Ní ọjọ́ kíláàsì, ó mú ìyókù wá fún mi pé kí n bá òun wò ó. Ọ̀kan nínú àwọn dúdú ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ọkùnrin náà kò rí i. Mo fi aṣọ nù ún jẹ́jẹ́. Funfun bẹ̀rẹ̀ sí yọ lábẹ́ dúdú. Mo ka ọ̀rọ̀ tí ó wà lára rẹ̀: 1 FRANC. Mo ka ọdún rẹ̀: 1916. Fàdákà ni.

Fàdákà tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju 50 fàráǹkì lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Èyí tí ó pọ́n tí ó tọ́jú, kì í ṣe wúrà rárá. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá náà kò sunkún. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó ní, “Olùkọ́, ẹ kọ́ mi ní nọ́ńbà yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ìyá yìí ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

2. Kí irin tó dé: owó ẹyọ

Kí owó onírin tó gba ọjà, owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná. Ìkarahun ẹran omi kékeré kan ni. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà. Àwọn òyìnbó oníṣòwò fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etíkun wa. Àwọn ìyá wa a máa sín 40 sí okùn kan. 2,000 ni ẹgbàá kan. 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn àpò kan.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ẹyọ yìí tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Níbi tí wọ́n ti ń kó o, ó pọ̀ yamùrá, kò sì wọ́n. Nígbà tí ó kún ọjà, ẹyọ tí ènìyàn yóò kà sílẹ̀ kí ó tó ra nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ti kó ọ̀kẹ́ púpọ̀ pamọ́ rí i pé ohun tí owó òun lè rà ti dín kù, bẹ́ẹ̀ ni olè kò wọlé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tí a fi ń ṣe owó lè yí padà, kí orúkọ owó náà má yí. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí irin náà nìyẹn.

3. Fàráǹkì tí ó jẹ́ fàdákà

Nígbà tí Fáransé gba Dàhòmè, owó ilẹ̀ wọn ni wọ́n mú wá. Fàráǹkì 1 ìgbà náà, fàdákà ni. Èyí tí wọ́n rọ láti 1898 dé 1920 ní àwòrán obìnrin tí ó ń fún irúgbìn. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 5. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, ọ̀nà 835 jẹ́ fàdákà, ìyókù jẹ́ bàbà.

Kí ló dé tí wọ́n fi bàbà sí i? Fàdákà nìkan rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, yóò tètè jẹ. Bàbà díẹ̀ ló ń mú kí ó le.

Ní ayé ìgbà náà, owó gbé iyì rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Kódà, ní èdè Fáransé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, argent, ni wọ́n fi ń pe fàdákà, òun náà ni wọ́n fi ń pe owó.

Lẹ́yìn náà ni ogun 1914 dé, ó sì jà títí di 1918. Fáransé ná owó rẹpẹtẹ sórí ogun. Wọ́n tẹ owó bébà púpọ̀ jáde. Gbogbo nǹkan gbówó lórí, fàdákà náà gbówó lórí. Nígbà tí yóò fi di 1920, fàdákà tí ó wà nínú fàráǹkì 1 ti ju fàráǹkì 1 lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò, ẹ rò ó wò. Bí bébà kan àti fàdákà kan bá ń ra iyọ̀ kan náà, èwo ni ẹ ó ná, èwo ni ẹ ó fi pamọ́? Bébà ni ẹ ó ná. Ohun tí gbogbo ayé ṣe nìyẹn. Bí owó tí ó níye lórí bá pàdé èyí tí kò níye lórí lọ́jà, èyí tí ó níye lórí a sá wọlé. Àwọn kan rì í mọ́lẹ̀, àwọn kan mọ ọ́n sínú ògiri. Àwọn mìíràn gbé e lọ bá àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà, ó di ẹ̀gbà ọwọ́ àti ẹ̀gbà ọrùn. Nítorí náà ni ìyá àgbà yẹn ṣe fi tirẹ̀ pamọ́. Kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

4. Fàráǹkì tí ó dà bí idẹ

Ọdún 1920 ni ọdún ìkẹyìn tí wọ́n rọ fàráǹkì fàdákà yẹn. Owó wẹ́wẹ́ kò sí lọ́jà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọjà kò lè ṣe é ṣe láìsí ṣéńjì. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Fáransé ni wọ́n wá mú owó mìíràn jáde láti 1920 dé 1927. Bàbà tí a pò mọ́ alumíníọ̀mù díẹ̀ ni wọ́n fi rọ ọ́. Àdàpọ̀ yìí a máa pọ́n, a sì máa dán, ẹni tí kò mọ̀ yóò pè é ní wúrà. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 23, gẹ́gẹ́ bí ti fàdákà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 4.

Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni “Bon pour 1 franc.” Ẹ kà á pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Owó yìí kò sọ pé, “Fàráǹkì 1 ni mí.” Ohun tí ó sọ ni pé, “Ẹ gbà mí ní iye fàráǹkì 1.” Ìlérí ni. Láti ìgbà náà ni iyì owó wẹ́wẹ́ ti kúrò nínú irin rẹ̀, tí ó bọ́ sínú ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i. Ẹ̀yin náà rí i pé ẹni tí kò lè ka ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà.

Láti 1931, ìjọba Fáransé fúnra rẹ̀ rọ fàráǹkì 1 pẹ̀lú àdàpọ̀ kan náà. Ní Tógò, tí Fáransé gbà lọ́wọ́ Jámánì lẹ́yìn ogun, wọ́n rọ owó tí a kọ orúkọ Tógò sí ní 1924 àti 1925. Èyí náà jẹ́ bàbà àti alumíníọ̀mù, ó pọ́n bákan náà.

5. Fàráǹkì tí ó fúyẹ́ bí ewé

Ogun kejì dé ní 1939. Àwọn tí ń jagun nílò bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì fún ọta ìbọn àti ẹ̀rọ ogun. Wọn kò fẹ́ fi ṣòfò sára owó wẹ́wẹ́ mọ́. Ní 1941, Fáransé bẹ̀rẹ̀ sí fi alumíníọ̀mù nìkan rọ fàráǹkì 1. Alumíníọ̀mù ni irin funfun fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀ wa. Àwòrán rẹ̀ kò yí padà, fífẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ti di gíráàmù 1.3.

Ogun yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn náà. Ní Amẹ́ríkà, ní 1943, irin tí a fi síńkì bò ni wọ́n fi rọ sẹ́ǹtì 1, kí bàbà lè lọ sójú ogun.

Ẹ wo bí fàráǹkì 1 ti Fáransé ti rìn:

Láti 1898 dé 1920: fàdákà, gíráàmù 5.
Láti 1920 dé 1941: bàbà àti alumíníọ̀mù, gíráàmù 4.
Láti 1941 dé 1959: alumíníọ̀mù nìkan, gíráàmù 1.3.

Orúkọ kan, iye kan tí a kọ sí ojú owó, irin mẹ́ta. Oríṣi mẹ́ta yìí gan-an ló wà nínú ìkòkò ìyá wa. Ní 1960, Fáransé pa òdo méjì rẹ́: 100 fàráǹkì àtijọ́ di 1 fàráǹkì tuntun. Níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi rọ fàráǹkì tuntun náà, ó sì tún wúwo, gíráàmù 6.

6. Ọnínì àti kọ́bọ̀ àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa

Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ ń ná ọjà Ìmẹ̀kọ, àwọn àgbà yín mọ ọnínì. Owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ní ihò láàárín, ènìyàn lè sín in sí okùn bí owó ẹyọ. Ọnínì 10 ni kọ́bọ̀ 1 ìgbà náà.

Ní 1907 tí wọ́n kọ́kọ́ rọ ọnínì, alumíníọ̀mù ni. Ṣùgbọ́n òógùn ọwọ́, iyọ̀ àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́. Ní 1908, wọ́n ti yí i padà sí bàbà tí a pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì. Ọdún kan péré! Àwọn tí ó ṣètò owó náà jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, ìdí nìyí tí òjò wa fi kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ní 1952, wọ́n tún yí ọnínì padà sí bàbà tí a pò mọ́ tánńganran.

Ṣílè wọn náà kò dúró sójú kan. Láti 1913 dé 1920, fàdákà gidi ni, ọ̀nà 925 nínú 1,000. Ní 1920, ọdún kan náà tí fàdákà Fáransé parí, wọ́n yí ṣílè ilẹ̀ wa padà sí idẹ. Ìdí kan náà ni: fàdákà ti wọ́n jù.

Kọ́bọ̀ ńkọ́? Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà ló di kọ́bọ̀ lẹ́nu wa. Ìyẹn ni pé orúkọ irin ló di orúkọ owó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1973, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà, 100 kọ́bọ̀ sì ni náírà 1. Kọ́bọ̀ 1 ti 1973 jẹ́ bàbà tí a pò mọ́ irin mìíràn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1991, irin ni wọ́n fi rọ kọ́bọ̀ 1, wọ́n sì fi bàbà bò ó lára fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Aṣọ bàbà ni ó wọ̀, irin ni ara rẹ̀.

7. Owó tiwa, Séfà

Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1945 ni wọ́n dá fàráǹkì Séfà sílẹ̀. Ní 1948, wọ́n rọ fàráǹkì 1 àti fàráǹkì 2 pẹ̀lú alumíníọ̀mù fún ilẹ̀ wa àti fún Tógò. Ní 1956, 5 fàráǹkì jáde, òun pọ́n, bàbà àti alumíníọ̀mù ni.

Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, Báǹkì Àgbà ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń rọ owó náà lọ. Fàráǹkì 1 wọn jẹ́ alumíníọ̀mù títí di 1975. Láti 1976, wọ́n sọ ọ́ di irin, ó sì kéré ju ti àtijọ́ lọ. Ní 1967, 100 fàráǹkì onírin jáde, níkẹ́ẹ̀lì ni. Ní 1972, 50 fàráǹkì tẹ̀ lé e, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni. 200 àti 500 fàráǹkì tí a kọ 2003 sí lára jẹ́ irin méjì nínú ẹyọ kan: ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní etí. Ó ṣòro fún ayédèrú láti fara wé irú èyí.

Ẹ jẹ́ kí á dán an wò. Ẹ mú òòfà kékeré, irú èyí tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí ń gbóhùn jáde nínú rédíò tí ó ti bàjẹ́. Ẹ gbé e sún mọ́ 100 fàráǹkì tí wọ́n rọ ní àwọn ọdún 1970. Yóò fà á, nítorí òòfà a máa fa níkẹ́ẹ̀lì bí ó ti ń fa irin. Ẹ gbé e sún mọ́ 50 fàráǹkì ìgbà náà. Kò ní fà á. Níkẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbà ló pọ̀ jù. Méjèèjì funfun lójú, ṣùgbọ́n inú wọn kò rí bákan náà. Ojú nìkan kò tó í fi mọ owó.

8. Kí ló dé tí wọ́n fi ń yí irin owó padà?

Bí a bá kó gbogbo ohun tí a ti kà jọ, a ó rí ìdí mẹ́rin.

Ìdí kìíní ni pé irin gbówó lórí. Bí irin tí ó wà nínú owó bá ju iye tí a kọ sí ojú rẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn yóò yọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà 95 nínú 100 sẹ́ǹtì 1 ni bàbà tẹ́lẹ̀. Ní 1982, wọ́n yí i padà: síńkì di ọ̀nà 97.5, bàbà tí ó bò ó lára di ọ̀nà 2.5 péré. Síbẹ̀, ní 2024, sẹ́ǹtì 1 ń ná ìjọba wọn ju sẹ́ǹtì 3 lọ láti rọ. Ní oṣù Bélú ọdún 2025, wọ́n dá rírọ rẹ̀ fún ọjà dúró.

Ìdí kejì ni ogun. Bí ogun bá dé, irin tí ó dára a máa lọ sínú ìbọn.

Ìdí kẹta ni ojú ọjọ́ àti ọwọ́. Owó gbọ́dọ̀ lè gba òógùn, òjò, epo pupa àti erùpẹ̀ ọjà. Ọnínì 1907 kò lè gbà á.

Ìdí kẹrin ni pé owó fúnra rẹ̀ ń fúyẹ́. Bí ọjà bá ń gbówó lórí lọ́dọọdún, ohun tí fàráǹkì 1 lè rà yóò máa kéré sí i. Irin tí ó yẹ fún owó ńlá kò yẹ fún owó kékeré. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé irin owó ń rẹlẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ẹ mọ̀ pé agbára owó náà ló kọ́kọ́ rẹlẹ̀.

Ṣé owó tí kì í ṣe fàdákà wá jẹ́ ẹ̀tàn? Rárá. Bí gbogbo ọjà bá gbà á, tí ìjọba àti báǹkì bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, owó ni. Owó tí ọwọ́ ti pa ojú rẹ̀ pàápàá kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ayédèrú. Ṣùgbọ́n kí á mọ ohun tí a ń fi pamọ́. Irin tí kò níye lórí kò ṣe é rì mọ́lẹ̀ fún ọmọ-ọmọ.

9. Bí a ó ṣe dá owó àtijọ́ mọ̀

Bí ẹ bá rí owó àtijọ́ nínú àpótí, nínú ògiri tàbí lóko, ẹ ṣe báyìí:

(a) Ẹ ka ọdún rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ni. Fàráǹkì 1 Fáransé tí a kọ 1898 títí dé 1920 sí, tí obìnrin tí ń fún irúgbìn wà lára rẹ̀, fàdákà ni.

(b) Ẹ gbé e wò lọ́wọ́. Fàdákà àti alumíníọ̀mù jọ máa ń funfun, ṣùgbọ́n fàráǹkì fàdákà wúwo tó mẹ́rin ti alumíníọ̀mù, ó kù díẹ̀.

(d) Ẹ má ṣe fi àwọ̀ dúdú kọ̀ ọ́. Fàdákà a máa dúdú bí ó bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tàbí nínú ilẹ̀. Dúdú náà kò ju ojú rẹ̀ lọ.

(e) Ẹ má ṣe fi dídán gbà á. Bàbà àti alumíníọ̀mù a máa dán bí wúrà.

(ẹ) Ẹ lo òòfà. Òòfà kì í fa fàdákà. Bí ó bá fà á, nǹkan mìíràn ni.

(f) Ẹ má ṣe fi yanrìn tàbí òkúta ha á. Bí ojú rẹ̀ bá ha, ẹni tí yóò rà á yóò gé owó rẹ̀.

(g) Ẹ má ṣe tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá bèèrè. Ẹ bi alágbẹ̀dẹ fàdákà méjì tàbí mẹ́ta léèrè, kí ẹ sì rí i kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín.

10. Ìparí ọ̀rọ̀ ìyá wa

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá wa já sí. A kò rí ọkùnrin náà mọ́. 39 fàráǹkì fàdákà àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà kó jọ kò padà wálé, àti ìkan tí ó fi pé 40. Ẹyọ kan tí ó kù, ìyá wa kò tà á. Ó lu ihò sí i, ó fi okùn sí i, ó so ó mọ́ ìwé kíkà rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan, ìyàwó ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rí owó àtijọ́ mẹ́fà nínú àpótí bàbá rẹ̀. Ó ti ń gbé wọn lọ sójúde fún ẹni tí ń ra irin. Ìyá wa nawọ́ sí i láti ibi tí ó jókòó sí, ó ní, “Ìyàwó, dúró ná. Mú un wá kí n ka ọdún rẹ̀.” Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó kà á sókè, nọ́ńbà kan lẹ́yìn èkejì: 1, 9, 1, 2.

Ìyàwó náà kò tà á lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó tà á, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló gbé e lọ, orí ìwọ̀n ni wọ́n gbé e lé. Owó ìwé ọmọ rẹ̀ ló fi san.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ńbà mẹ́rin péré ni. Ẹ kọ́ wọn.

Ọ̀RỌ̀ TÍ A KỌ́ LÓNÌÍ

Fàdákà: irin funfun olówó iyebíye, a máa dúdú bí ó bá pẹ́.
Bàbà: irin pupa, irú èyí tí ó wà nínú wáyà iná.
Alumíníọ̀mù: irin funfun fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò.
Níkẹ́ẹ̀lì: irin funfun líle, òòfà a máa fà á.
Àdàpọ̀: irin méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a yọ́ pọ̀.
Òòfà: ohun tí ń fa irin mọ́ra.
Ayédèrú: èyí tí kì í ṣe ojúlówó.

ÌṢIRÒ

1. 40 fàráǹkì fàdákà ni ọkùnrin náà rà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 5. Gíráàmù mélòó ni gbogbo rẹ̀?
2. Nínú gíráàmù 1,000, gíráàmù 835 jẹ́ fàdákà gidi. Gíráàmù fàdákà gidi mélòó ni ó bá ọkùnrin náà lọ?
3. Ẹ ní kílò 1 àdàpọ̀ bàbà àti alumíníọ̀mù. Fàráǹkì onígíráàmù 4 mélòó ni ẹ lè rọ nínú rẹ̀?
4. Ẹ ní kílò 1 alumíníọ̀mù. Fàráǹkì onígíráàmù 1.3 mélòó ni ẹ lè rọ?

Ìdáhùn: (1) gíráàmù 200. (2) gíráàmù 167. (3) 250. (4) 769, díẹ̀ yóò ṣẹ́ kù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí fàráǹkì fàdákà fi pòórá lọ́jà?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín owó tí ó sọ pé “Fàráǹkì 1 ni mí” àti èyí tí ó sọ pé “Ẹ gbà mí ní iye fàráǹkì 1”?
3. Kí ló ba ọnínì 1907 jẹ́?
4. Bí ẹ bá ní nǹkan tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ yín, ṣé owó wẹ́wẹ́ òde òní ni ẹ ó fi pamọ́? Ẹ sọ ìdí.

IṢẸ́ ILÉ

Ẹ bi àgbà kan nínú ilé yín léèrè owó tí ó kọ́kọ́ ná nígbà èwe rẹ̀. Ẹ bèèrè àwọ̀ rẹ̀, bí ó ti wúwo tó, àti ohun tí ó lè rà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín ní ìlà márùn-ún, kí ẹ sì mú un wá kà fún wa.